Kàlẹ́ńdà Mẹ́fà Péré

Nẹ́pà ti mú iná lọ nígbà tó wọ ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé mi ní Sápọ́n,
ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan láti ilé-iṣẹ́ irin ojú ọ̀nà Ṣágámù.
Homnáàtì lorúkọ rẹ̀. Mo bi í níbi tó ti wá. Ó ní Nẹpáàlì.
Ṣówùnmí, ọmọ iṣẹ́ mi, bú sẹ́rìn-ín:
"Ọ̀gá, ẹ sọ fún un kó dá iná wa padà."

Kàlẹ́ńdà ló fẹ́ tẹ̀. Mẹ́fà péré,
torí àwọn mẹ́fà ló jọ ń gbé ní Oníkòlóbó.
Mo ti tẹ ti ìjọ, mo ti tẹ ti ẹgbẹ́ awakọ̀,
ti òkú ọlọ́dún mẹ́wàá tó ń rẹ́rìn-ín lórí oṣù méjìlá.
Èyí tó yọ nínú báàgì rẹ̀, n kò rírú rẹ̀ rí:
òṣùpá kékeré nínú àpótí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan,
ọ̀kan funfun bí àwo, ọ̀kan dúdú bí ìdí ìkòkò,
àti lókè gbogbo rẹ̀, ọdún 2081.

Mo ní, "Ọ̀gbẹ́ni, àṣìṣe wà níbí."
Ó ní kò sí.
Ẹgbàá ó lé mọ́kànlélọ́gọ́rin!
Lọ́dún yẹn èmi ti jẹrà,
àwọn ọmọ-ọmọ mi ti jà lórí ilẹ̀ wa ní Aṣerò, wọ́n ti jà tán,
ọkùnrin yìí sì ti ń gbébẹ̀, ó ń ra búrẹ́dì níbẹ̀.

Ó ń ṣàlàyé, mo ń fi bébà fẹ́ ara mi.
Àárín oṣù kẹrin wa lọdún wọn ń bẹ̀rẹ̀.
Oṣù kan lè ní ọjọ́ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, òmíràn méjìlélọ́gbọ̀n;
ọjọ́ òṣùpá kan a sọnù láìdágbére,
òmíràn a sùn mọ́jú, a tún jí lọ́jọ́ kejì.
Ó rò pé màá rẹ́rìn-ín.
Mo ní ọmọ Ẹ̀gbá ni mí:
ojúmọ́ mẹ́rin là ń pè ní ọrún ní Láfẹ́nwá,
torí ọjọ́ tí a ti bẹ̀rẹ̀ kíkà, a máa ń kà á mọ́ ọn.
Ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Kò fẹnu kan nǹkan lọ́jọ́ tó wá yẹ iṣẹ́ wò;
òṣùpá pé ọjọ́ mọ́kànlá, omi nìkan ló mu.
Kò sì ní wá kó o lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, kò dára fún ìrìn.
Mo ní bí Ẹtì ṣe rí fún ìyá mi nìyẹn.
A fẹnu kò sí ọjọ́ Ajé,
agogo mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú méjìlélógójì.
Kì í ṣe mọ́kànlélógójì.
Agogo mẹ́wàá àbọ̀, iná lọ.
Ẹ wo èmi, ẹni ọgọ́ta ọdún, tí mò ń fa okùn jẹnẹrétọ̀
bí ẹni ń fa ewúrẹ́ kúrò nínú oko ẹ̀gẹ́ olóko,
nítorí ìṣẹ́jú kan tí ìràwọ̀ ẹlòmíì yàn.
Ó dáhùn. Ẹ̀rọ yí.

Bí wọ́n ṣe ń gbẹ, ó wo fọ́tò bàbá mi lára ògiri.
"Òṣùpá wà lókè lọ́jọ́ tí wọ́n kú?"
Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù kẹjọ, 1998: èmi ni mo tẹ ìwé ìsìnkú.
Òṣùpá kẹ̀?
Mo pe ìyá mi lórí fóònù. Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì:
"Òṣùpá kankan ò sí. Àtùpà la fi wá ọ̀nà dé ọsibítù Ìjàyè.
Mi ò rójú ẹ̀ nígbà tó ń lọ."

Homnáàtì fi àtàǹpàkò ka oríkèé ìka rẹ̀,
ètè rẹ̀ ń mì, ó padà sẹ́yìn, ó tún un kà.
Ó ní òṣùpá òkùnkùn yẹn ní orúkọ nílé àwọn.
Ọjọ́ tí à ń wo ojú bàbá.
Ẹni tí tirẹ̀ wà láàyè a gbé oúnjẹ dídùn lọ bá a;
ẹni tí tirẹ̀ ti lọ, etí odò ló ń lọ.

N kò fèsì. Ṣówùnmí pa jẹnẹrétọ̀.

Méje ni mo tẹ̀, n kò sọ fún un.
Èkeje wà lórí ìṣó kan náà pẹ̀lú ti ìjọ wa;
bí fáànù bá fẹ́, ọdún méjèèjì a máa gbá ara wọn létí.
Oṣù karùn-ún wọn, ọjọ́ kẹtàdínlógún: mo fi báírò yí i ká.
Ọjọ́ Ajé ni. Odò Ògùn ò jìnnà sí Láfẹ́nwá.
Ó ku kí n bi ìyá mi bóyá orúnkún rẹ̀ á gbà.