Wákàtí Kan Láì Fọwọ́ Kàn Án

Maarika pa iná balùwẹ̀,
ó fi aṣọ ìnura dí ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn.
Ní Tartu, nínú òkùnkùn, ìka ni ojú:
ó wé fíìmù bàbá rẹ̀ sínú agolo,
ó dé e pa, ó tanná.

Oògùn ò ju ṣíbí kan nínú lítà omi.
Ó dojú agolo délẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, jẹ́jẹ́,
bí ẹni ń jí ọmọ tí kò fẹ́ kó jí.
Ó gbé e kalẹ̀. Ó di wákàtí kan.

Ọwọ́ ń yún un.
Ó bó ọ̀dùnkún. Ó ka ẹ̀kán omi yìnyín létí òrùlé.
Ní ìdajì, ó yí i lẹ́ẹ̀kan péré.

Bàbá kò lè jókòó jẹun tán láyé rẹ̀:
tábìlì ń mì, ife ń mì,
ìyá a máa ní, “Kalju, dákun, jókòó.”

Fíìmù jáde, ó ń kán tó, tó.
Ó gbé e sí ojú fèrèsé:
ìyá ló ń sùn lórí àga,
irun dúdú rẹ̀ funfun báláú,
ojú rẹ̀ dúdú bí èédú,
irun ìpéǹpéjú rẹ̀ ṣeé kà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àwòrán náà kò mì rárá.
Ta ló bẹ ọwọ́ yẹn tó fi dúró?