Ojú Ìwé Kọkànlá

Agogo méjìlá òru ku díẹ̀ ní Saskatoon.
Yìnyín ti bo ojú odò pa,
ẹ̀rọ amúlégbóná ń hanrun nísàlẹ̀ ilé bí àgbà tó yó.
Àbá ìwádìí kẹsàn-án ló wà níwájú mi, òun ló kẹ́yìn,
ojú ìwé méjìlélógún.
Annik Desrosiers ló kọ ọ́.
N kò mọ̀ ọ́n rí.
Bí mo bá mọ̀ ọ́n, òfin ní kí n dìde nídìí rẹ̀.

Ohun tó ń wá kò ju èyí lọ:
kóró átọ́ọ̀mù kan wà tí kì í pẹ́ láyé,
kí ojú tó ṣẹ́, ó ti di nǹkan mìíràn.
Annik fẹ́ gbé e sórí ìwọ̀n
kó tó lọ.

Ọ̀kẹ́ mẹ́tàdínlógún dọ́là, fún ọdún mẹ́ta:
akẹ́kọ̀ọ́ méjì, naitrojín olómi,
ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́ jáde, ọ̀kan, àlòkù.
Àlòkù! Ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ láìtijú.
Mo rẹ́rìn-ín lémi nìkan.

Àmọ́ ní ojú ìwé kọkànlá
ó ní àádọ́ta kóró ni yóò máa dé lójúmọ́.
Mo mú bírò, mo ṣírò rẹ̀ sẹ́yìn àpò ìwé owó iná.
Márùn-ún ni.
Mo tún un ṣe. Márùn-ún náà ni.
Òdo kan ṣoṣo ló yọ́ wọlé,
tí ẹnikẹ́ni kò bi í léèrè.

Lọ́dún tí mo kọ tèmi,
ẹnì kan tí n kò rí ojú rẹ̀ rí kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé:
Kò dá wa lójú.
Kò fi nǹkan kan kún un.
Ọdún méje ni mo fi gbé e káàkiri.
Bóyá oorun ló ń kùn ún lálẹ́ ọjọ́ náà,
bóyá tíì rẹ̀ ti tutù bíi tèmi yìí.

Ọmọdé ṣubú, ó wo iwájú;
àgbà ṣubú, ó wo ẹ̀yìn.
Ẹ̀yìn ni mo ń wò.

Nísàlẹ̀ ojú ìwé kẹrìndínlógún, ní lẹ́tà wẹ́wẹ́:
Orest Hnatiuk ló fọwọ́ ara rẹ̀ jó irin ẹ̀rọ yìí pọ̀.
Yóò fẹ̀yìn tì lóṣù kẹjọ.
Kò sí àwòrán rẹ̀ níbì kankan.
Orí Orest ni àwòrán wà.

Mo dìde, mo yọjú lójú fèrèsé.
Aládùúgbò mi ń fi ṣọ́bìrì kó yìnyín lóru,
òmíràn sì ń já bọ́ síbi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó.

Mo padà jókòó. Mo kọ ọ́ pé:
iye ojú ìwé kọkànlá kò tọ̀nà.
Mo to ìṣírò mi síbẹ̀, gbogbo rẹ̀,
kó lè rí ibi tí òdo gbà wọlé.
Mo ní: márùn-ún lójúmọ́ tó wọ̀n, bí sùúrù bá wà.
Mo ní: ẹ má jẹ́ kí oṣù kẹjọ kọjá.

Máàkì márùn-ún nínú mẹ́fà.
Mo pa á rẹ́, mo kọ mẹ́rin.
Mo pa mẹ́rin náà rẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ìgbìmọ̀ yóò jókòó ní Ottawa.
Mo fi márùn-ún sílẹ̀,
mo wá ṣí àbá kẹjọ padà,
èyí tí mo fún ní méjì lọ́sàn-án,
mo tún un kà láti ìbẹ̀rẹ̀.