Nọ́ńbà Mẹ́sàn-án

Abídèmí, ìjì tó jà lọ́jọ́ Ẹtì
ká páànù mẹ́tàdínlógún kúrò lórí yàrá ìyá rẹ,
ọ̀kan ṣì há sórí igi ọsàn Fápohùndà.
O ní kí n má wulẹ̀ sọ̀rọ̀ púpọ̀, owó ń bọ̀,
ṣùgbọ́n báǹkì yín ní Kánádà ń béèrè:
ẹ̀ka wo ni ti bàbá rẹ? Kí ni kóòdù ẹ̀ka náà?

Èmi tí mo fi ọdún mẹ́rìndínlógójì kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò,
nọ́ńbà àkáùntì mi wà lórí mi, mẹ́wẹ̀ẹ̀wá.
N kò mọ̀ pé owó náà máa ń béèrè ulé ẹni kó tó wá.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, fóònù dún.
Ọkùnrin kan ni, ohùn rẹ̀ dán bí àwo tánganran:
"Bàbá, láti báǹkì ni. A gbọ́ pé ẹ ń retí owó.
Ẹ ka nọ́ńbà iwájú káàdì yín fún mi,
ẹ fi mẹ́rin ìkọ̀kọ̀ yẹn kún un, kóòdù á jáde."
Mo bi í pé ẹ̀ka wo ló ti ń pè.
Ó ní Èkìtì.
Mo ní Èkìtì kì í ṣe ẹ̀ka, ọmọ mi, Èkìtì lódindi igi.
Ó gé fóònù.

Nígbà tó di àárọ̀, mo gun ọ̀kadà láti Ìjẹ̀ṣà-Iṣu dé Ìkọ̀lé,
ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin náírà, eruku lọ́fẹ̀ẹ́.
Ilẹ̀kùn báǹkì tó ń gbé ènìyàn mì lọ́kọ̀ọ̀kan
kọ̀ mí lẹ́ẹ̀mejì nítorí kọ́kọ́rọ́ àpò mi.
Ọmọlẹ́yẹ ló jókòó lẹ́yìn gíláàsì
(bàbá rẹ̀ ti jókòó rí lórí bẹ́ǹṣì kẹta ní kíláàsì mi).
Ó kọ ọ́ sẹ́yìn tẹ́là kan: nọ́ńbà mẹ́sàn-án.
"Mẹ́ta àkọ́kọ́, báǹkì wa ni, sà.
Àwọn tó kù ló ń wá ìlú, tó ń wá ẹ̀ka,
títí wọn á fi kan ilẹ̀kùn yìí."
Mo ní: ṣé kí n fi pamọ́?
Ó rẹ́rìn-ín. "Èyí? Pátákó ẹnu ọ̀nà lèyí,
ẹni tó bá wù lè kà á.
Mẹ́rin ti káàdì yẹn ni kẹ́ ẹ gbé mì.
Àwa gan-an kò gbọdọ̀ bi yín."

Abẹ́ igi máńgòrò iwájú báǹkì ni mo ti pè ọ́.
Òru ni lọ́dọ̀ rẹ, ohùn rẹ wú fún oorun.
Mo kà, o kà padà.
O pe mẹ́fà ní mẹ́sàn-án.
Mo ní tún un kà.
Nẹ́tíwọ́ọ̀kì já wa sílẹ̀, mo tún pè,
o tún pè é ní mẹ́sàn-án.
Ìgbà yẹn ni mo rántí ọmọ ọdún méje
tí mo nà lọ́wọ́ níwájú kíláàsì
nítorí nọ́ńbà méjì yìí kan náà,
tó fi ojú gbígbẹ wò mí.
Mo rọra sọ pé: mẹ́fà, Abídèmí,
èyí tí ikùn rẹ̀ wà nísàlẹ̀.
O dákẹ́ pẹ́.
O ní: mo ti kọ ọ́, Bàbá.
Mo ní ka orúkọ mi náà bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sí báǹkì
kí o tó tẹ ohunkóhun,
lẹ́tà kan ṣoṣo lè gbé òrùlé wa fún ẹlòmíràn.

Owó wọlé ní Ọjọ́rú. Káfíńtà ti wà lókè,
mò ń gbọ́ òòlù rẹ̀ bí mo ṣe ń kọ èyí.
Tẹ́là náà wà nínú ìwé orin mi.

Mo wà ní Ìkéré, lẹ́nu ẹ̀kọ́, lọ́jọ́ tí wọ́n bí ọ,
orúkọ rẹ kò jẹ́ kí n gbàgbé.
Ìwọ náà ń san án padà, ọdún kọkànlá rèé.
Owó nílò nọ́ńbà mẹ́sàn-án kó tó rí mi.
Ulé wa kò ní ẹyọ kan.
Bí o bá sọ̀ ní oríta, má wo fóònù,
béèrè ulé tíṣà, èyí tí páànù rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ méjì.
N kò ní bi ọ́ ní kóòdù kankan.