Àpò Iyọ̀ Mẹ́rin

Àjíbóyè tó ń bá mi kọ fọ́ọ̀mù l'Ádó
dá ọwọ́ dúró lórí ìbéèrè kẹtàlélógún.
"Yèyé, wọ́n ní ṣé wọ́n ti rán yín lẹ́wọ̀n rí?
Ẹ jẹ́ n tẹ 'rárá', ká máa lọ."

Mo wo ìka mi.
Lánàá, ní àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n fi tàdáwà kùn ún,
wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí lẹ́ẹ̀mẹ́ta.
Kọ́púrà ní kí n fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́, ó tún tẹ̀ ẹ́:
ó dúdú kirikiri bí ìdí ìkòkò, kò sí ìlà kan.
Ogójì ọdún tí mo ti ń la igi eéran, tí mo ń hun ẹní l'Ógòtùn,
ìlà tí Elédùmarè fà sí mi lọ́wọ́,
ẹní ti gbà á lọ díẹ̀díẹ̀,
àwọn ènìyàn ti sùn lé e lórí.
Ìka ti gbàgbé.
Ìwé ni kò gbàgbé.

Ọdún tí àwọn ṣọ́jà ń tú ṣọ́ọ̀bù,
tí iyọ̀ wọ́n bí ojú,
àpò mẹ́rin ni wọ́n bá lábẹ́ ibùsùn mi.
Adájọ́ ò tilẹ̀ gbé ojú sókè. Oṣù mẹ́ta.
Ibẹ̀ ni ọlẹ̀ Ìbírónkẹ́ ti kọ́kọ́ sọ nínú mi,
lórí símẹ́ǹtì tí kò ní ẹní.

Òun náà ló bímọ sí Kánádà báyìí, lẹ́yìn àdúrà gígùn,
tó ní, "Ẹ wá bá mi wẹ̀ ẹ́, ọwọ́ mi ń gbọ̀n."
Kò mọ̀ nípa iyọ̀ yẹn.
Bàbá rẹ̀ mọ̀, ó gbé e lọ sí sàréè.

"Wọn ò lè mọ̀," Àjíbóyè ní, "ó ti pẹ́ jù."
Bóyá. Ikán á ti jẹ fáìlì náà.
Ṣùgbọ́n mo ń rí ẹni tó jókòó sí ẹnubodè,
tó tún bi mí, lójúkojú,
tí itọ́ ẹnu mi sì di oníyọ̀.

"Tẹ 'bẹ́ẹ̀ ni'."
Ó wò mí títí. Ó tẹ̀ ẹ́.
Àpótí kékeré kan ṣí: Ẹ ṣàlàyé.
Kò fẹ̀ tó ìka méjì.

"Kí ni kí n kọ sí i, Yèyé?"
"Kọ iyọ̀. Kọ ọ́ pé àpò mẹ́rin ni.
Kí o sì kọ ọ́ pé wọn ò dá a padà."