Orúkọ Ọ̀pọ̀

Tísà Ọbajemú fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sójú pátákó
ní kíláàsì kẹta, lábẹ́ àpáta Ògìdì.
Ọyẹ́ ń fẹ́, ètè gbogbo wa ti là.
Ó ní bí kannakánná bá kóra jọ,
Òyìnbó kì í pè wọ́n ní ọ̀wọ́.
Ìpànìyàn ló ń pè wọ́n.
Ìpànìyàn kannakánná kan.
A rẹ́rìn-ín. Ṣẹ́gilọlá ló kọ́kọ́ rín, òun ló jẹgba.

Òwìwí bá jókòó pọ̀, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ni.
Kìnnìún, ìgbéraga.
Ẹyẹ ìwò, àìláàánú.
A há a sórí, àwa tí a ò rí kìnnìún rí,
tó jẹ́ pé màlúù Iléyá ojúlé Àlùfáà Sánni
lẹranko tó tóbi jù lójú wa.

Ti òwìwí yẹn ni ò jẹ́ kí n sùn.
Ẹyọ kan péré ló ké lórí páànù wa lọ́jọ́ kan,
ìyá bàbá mi dìde lóru, ó da iyọ̀ síná.
Ẹyọ kan!
Ta ni yóò wá gbà kí wọ́n pé jókòó,
kí wọ́n máa dìbò?

Nígbà ìdánwò, mo gbàgbé. Mo kọ “agbo” ṣáájú kannakánná.
Òdo.
Ìyá àgbà ò mọ̀wé, ó ní kí n kà á fóun,
ọwọ́ rẹ̀ ò kúrò nídìí òfì.
“Tísà rẹ ò jẹ̀bi. Àgùntàn ló lágbo.
Ẹyẹ lọ́wọ̀ọ́, ọwọ̀ lóṣùṣù,
ọkà ní ṣírí, ẹyìn ní ìdì.
Ohun tó bá ń pọ̀ lójú ẹni lèèyàn ń sọ lórúkọ.
Ṣùgbọ́n ta ni kannakánná pa?
Àgbàdo ló ń jí.”

Mo wálé lóṣù Kejìlá tó kọjá.
Ojúlé Ọbasajú, àgádágodo.
Ojúlé Mẹtibọba, àgádágodo, ó ti dípẹtà.
Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí dókítà kọ́ láti òkè òkun,
aláǹgbá nìkan ló ń gòkè ń sọ̀ níbẹ̀.
Kí ni wọ́n ń pe àgádágodo tó bá pọ̀?

Ìyá mẹ́fà jókòó ní gáréèjì nírọ̀lẹ́.
Wọn ò tajà, wọn ò rìnrìn-àjò,
ṣùgbọ́n bí mọ́tò Àbújá bá dúró,
ọrùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà a nà.
Mo wá orúkọ fún wọn tì.
Ìgbìmọ̀? Wọn ò dìbò.
Ọ̀wọ́? Àwọn ọmọ ló fò lọ.
Ìrètí? Ó ti dùn jù, ó dà bí orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì.

Tísà ṣì wà láyé, ojú rẹ̀ méjèèjì ti funfun.
Mo bi í.
Ó dákẹ́ títí mo fi rò pé ó ti sùn lọ.
Ó ní, “Kò sí nínú ìwé tèmi.”

Mo gba gáréèjì padà. Mo ní, “Okun o.”
Ẹnu mẹ́fà jẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan náà: “Okun.”
Ọ̀kan fojú kọ́ mi lọ́wọ́,
ó ní ọmọ ta ni mí.