Ọ̀nà Etí Ọ̀pàrà

Ìrì ò tíì gbẹ lórí koríko tí a fi jáde ní Ṣábẹ̀ẹ́,
èmi, Ìyá Àkóyọ̀, àti alùpùpù tí mo yá lọ́wọ́ Ṣabí.
Àwọn òkè jókòó sẹ́yìn wa bí àgbà tó yó,
òkúta lórí òkúta, ìkùukùu lọ́rùn wọn.
Mo ní, "Ìyá, ẹ dì mí mú dáadáa."
Wọ́n ní, "Ṣé ìwọ lo kọ́kọ́ gbé mi gba ọ̀nà yìí ni?"

Ọ̀nà ń tẹ̀lé odò bí àbúrò tó ń tẹ̀lé ẹ̀gbọ́n ròde:
ó yà, ó tún yà, ó bọ́ sínú igbó emi, ó yọ.
Pátákó ìjọba àkọ́kọ́ rèé, Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́:
ilé tí àwọn òyìnbó ń sùn sí bí wọ́n bá wá gba owó-orí.
Òrùlé ti wó. Àdán ló kù tí ń gba àlejò.
Mo dúró, mo fẹ́ ya fọ́tò.
Ìyá ò sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n tutọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà,
wọ́n ní, "Máa lọ."

Pátákó kejì: afárá tí àgbàrá gbé lọ,
òpó mẹ́ta péré ló ṣẹ́kù láàárín omi
bí eyín ẹnu arúgbó.
Lékeléke kan bà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọn ò bára wọn sọ̀rọ̀.
"Ta ló kọ́ ọ, Ìyá?"
"Àwọn tí wọ́n so lókùn ló kọ́ ọ.
Ẹni tó di okùn mú ni wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀."

Mo tún pátákó náà wò. Òótọ́ ni.

Nígbà tí a kọjá ilé oníbodè,
níbi tí ṣọ́jà kan ti ń jẹ máńgòrò tí ò tilẹ̀ gbójú sókè,
Ìyá gbá mi léjìká: "Ibí."
Ibí kẹ̀? Kò sí pátákó.
Àpáta pẹlẹbẹ kan ni, ewúrẹ́ sùn lé e,
omi ń lá a lẹ́sẹ̀.

"Òru tí a sá fún iṣẹ́ ipá, òṣùpá ò yọ.
Èèyàn mọ́kànlá ń retí ọkọ̀ Bíọ̀ níbí,
ọmọ ọwọ́ kan ṣoṣo ló wà nínú wọn.
Ẹnìkan ní bí ọmọ yìí bá ké, ikú dé.
Ẹlòmíràn ò sọ̀rọ̀, omi ló ń wò.
Ìyá mi jókòó sórí òkúta yìí,
wọ́n fi ọmú dí mi lẹ́nu
títí ọmú fi ṣẹ̀jẹ̀, títí ọkọ̀ fi dé.
Wọ́n ní n ò ké."

Wọ́n lé ewúrẹ́, wọ́n jókòó, wọ́n ti ẹsẹ̀ bọ omi.
Ní òdìkejì, ọmọbìnrin kan tó ń fọ aṣọ
kí wa ní èdè wa gan-an.
Ó pẹ́ kí Ìyá tó bi mí:
"Kí ni Faransé ń pe òkúta?"
"Píẹ̀rì."
Wọ́n rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ láàárọ̀ náà.
"Orúkọ akọ̀wé tó ń ka orí wa nìyẹn.
Má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n kọ nǹkan kan síbí."

Bí a ti dìde, ewúrẹ́ padà, ó sùn.