Míńtì Secondina

Etí odò Po ni ilé wa wà, ní Piẹ́múǹtì,
níbi tí kùrukùru ti í jí ṣáájú àkùkọ.
Ọgbà Secondina kò fẹ̀ ju ẹní méjì lọ,
ẹ̀yìn ilé ìdáná, lẹ́bàá ẹ̀rọ omi tó ń kán tó, tó, tó.
Ilẹ̀ ibẹ̀ tutù. Bí ọ̀sán bá ti yẹ̀, òòrùn ti kúrò níbẹ̀.
Ibẹ̀ ni míńtì fẹ́.

Ottavio ọkọ rẹ̀ ti kìlọ̀ fún un kó tó kú:
“Má gbin nǹkan yìí sílẹ̀ gbalaja.
Àlejò tí a kò bá fún ní àga,
gbogbo yàrá ni yóò fi ṣe ibùsùn.”
Ó gé ìdí garawa kúrò, ó rì í mọ́lẹ̀,
etí rẹ̀ yọ ìka méjì lórí erùpẹ̀.
Ó ní, “Ẹ̀wọ̀n rẹ nìyí. Dàgbà sókè, má dàgbà sẹ́gbẹ̀ẹ́.”

Míńtì gbọ́. Ọdún mẹ́ta ló fi gbọ́.
Ní ọdún kẹrin, garawa dípẹtà,
gbòǹgbò rí ihò tí kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ.
Kí a tó mọ̀, ó ti wà láàrin àlùbọ́sà,
ó ti gba abẹ́ odi kọjá sọ́dọ̀ wa,
ó yọrí sáàrin lẹ́tùùsì bàbá mi
bí ọmọ tó ń ti ẹnu ọ̀nà yọjú wo oúnjẹ onílé.
Bàbá mi gbé ọkọ́. Ó fi orúkọ ẹni mímọ́ méje búra.
Secondina dá a lóhùn láti ojú fèrèsé:
“Tiberio, ṣé èmi ni mo rán an ni?”
Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọn kò kí ara wọn.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà.
Odi ti lanu níbì kan;
èmi àti míńtì ni aláǹgbá ibẹ̀.
Ó kọ́ mi pé kí n jẹ́ kí ìrì gbẹ lára ewé kí n tó gé e,
kí n má sì dúró de òdòdó aláwọ̀ àlùkò náà kó là tán.
Kí n yí ẹ̀yìn ewé wò dáadáa:
bí àmì pupa bí ìpẹtà bá wà níbẹ̀, kí n tu ú, kí n sun ún.
Ìyókù, orí kodò ló ń so ó kọ́ sínú òkùnkùn àjà, bí àdán.
Ewé mẹ́fà, omi híhó, àwo pẹrẹsẹ tí a fi dé e:
tinú tó ń rú lẹ́yìn ọ̀rá àti wàràkàṣì nìyẹn.
Bí orí bá ń fọ́ ọ, á fi ewé tútù ra ẹ̀bátí.
Ṣùgbọ́n nígbà tí Clelia gbé ìkókó rẹ̀ wá, tí ọ̀fìnkìn dí i nímú,
Secondina já ewé gbà lọ́wọ́ mi.
“Rárá o. Ó le jù fún èémí ọmọ jòjòló.”
Ó gbé ọmọ náà mọ́ àyà. Ó pẹ́ kó tó dá a padà.

Mo bi í lọ́jọ́ kan pé èso míńtì dà.
Ó fọ́ òdòdó gbígbẹ kan sí àtẹ́lẹwọ́ mi.
Eruku lásán.
“Míńtì oríṣi méjì ló pàdé bí i,” ó ní,
“bí ìbaaka. Òun kò lè bí.”
Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò dé ojú;
ó nawọ́ sí ọgbà wa, sí ti Clelia, sí ti àlùfáà,
sí etí kòtò títí lọ dé ìdí afárá,
gbogbo rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀.
Lẹ́yìn náà, ó ní kí n lọ pọn omi wá.

Oṣù kejì ọdún ló kú, òjò dídì bo ilẹ̀.
Bàbá mi mú ọkọ́, ó gba ẹnu odi kọjá.
Mo rò pé ó fẹ́ hú u tán, kí ìjà parí.
Koríko gbígbẹ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ kejì.
Ó ń tẹ́ ẹ sórí gbòǹgbò, ó ń kùn
pé olóríkunkun ni, pé lẹ́tùùsì òun ń rùn bí ìpara ẹ̀yìn.
Nígbà tí ilẹ̀ móoru, ó ra garawa tuntun.
Títí di òní, kò tíì gé ìdí rẹ̀.
Èédú ló fi ń kó.